Pósítà olóṣèlú lára ògiri ṣọ́ọ̀bù: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ kó tó gbà á, kó tó ya á

Ẹni tó bá mọ Ojú Ẹlẹ́gbà dáadáa mọ̀ pé ibẹ̀ kì í sùn. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Múṣin, èyí tó ń lọ sí Yábàá, èyí tó gba Láwànsọ̀n wọlé àti èyí tó ti Stadium bọ̀, gbogbo wọn ló ń pàdé níbẹ̀. Ohun tó ń mú kí ọjà tà lágbègbè náà ló mú kí àwọn olóṣèlú fẹ́ràn ibẹ̀: èrò pọ̀, ojú pọ̀. Bí àsìkò ìpolongo ìbò bá ti dé, òru làwọn ọmọkùnrin tó gbé àkàbà, korobá lẹ́ẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì máa ń jáde. Kílẹ̀ tó mọ́, pósítà á ti bo òpó afárá, á bo ògiri, á bo ilẹ̀kùn onírin ṣọ́ọ̀bù. Nígbà mìíràn, á tún bo pátákó tí oníṣòwò fi owó ara rẹ̀ ṣe.

Kí aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì dúró fún àpẹẹrẹ. Ó dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó rí i pé pósítà olùdíje kan ti bo orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Oníbàárà tuntun tó fẹ́ gbé aṣọ wá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń wò yányàn-ànyán, kò rí pátákó tí wọ́n júwe fún un. Kí ni aránṣọ náà máa ṣe? Bó bá ya pósítà yẹn, ẹ̀rù ń bà á pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn olùdíje náà wà ládùúgbò. Bó bá fi í sílẹ̀, àwọn alátakò á sọ pé ẹgbẹ́ yẹn ló ń ṣe. Kò tíì ronú tán tí ẹlòmíràn fi dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́, tó ní òun fẹ́ fi aṣọ ìpolongo ńlá bo ògiri òkè fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú nìkan, ọ̀rọ̀ ajé ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni oníṣòwò tó bá fẹ́ dáàbò bo ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èsì wọn kí àsìkò ìbò tó wọlé: Ta ló ni ibi tí wọ́n fẹ́ lẹ ìwé mọ́? Ta ló ní àṣẹ láti gba ìwé náà láàyè? Ọjọ́ wo ló yẹ kó wà níbẹ̀, ọjọ́ wo ló sì gbọ́dọ̀ kúrò?

TA LÓ NI IBẸ̀?

Oríṣi ibi mẹ́ta ni olóṣèlú lè fẹ́ lẹ pósítà mọ́, ọ̀nà tí òfin gbà ń wò wọ́n kò sì dọ́gba.

Èkíní ni ohun tó jẹ́ ti ìjọba: òpó afárá, afárá ẹlẹ́sẹ̀, òpó iná ojú títì, ibùdókọ̀ àti ògiri tó wà láàárín títì. Nígbà ìpolongo tó ṣáájú ìdìbò ọdún 2015, 2019 àti 2023, àjọ tó ń mójú tó pátákó ìpolówó ní ìpínlẹ̀ Èkó, LASAA, kìlọ̀ fáwọn ẹgbẹ́ òṣèlú pé wọn kò gbọ́dọ̀ máa lẹ pósítà káàkiri sára irú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Kókó kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣòwò máa ń gbàgbé: òfin tó de olóṣèlú níbi yìí de àwọn náà. Ẹni tó lẹ ìwé “ilé wà fún rẹ́ǹtì” mọ́ òpó iná, tàbí ilé ìwé tó lẹ ìpolówó lẹ́sìn-ìnì mọ́ òpó afárá, ohun tí wọ́n ń bá olóṣèlú wí fún lòun náà ń ṣe. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Èkejì ni pátákó gàgàrà tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ìpolówó. Ilé iṣẹ́ náà ló gbàwé àṣẹ, òun ló sì ń yá a fún ẹni tó bá fẹ́ polówó. Olóṣèlú tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ lọ bá oní-pátákó, kó sanwó. Ẹni tó bá lẹ pósítà mọ́ ọn lóru ti pa ènìyàn méjì lára lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó ni pátákó àti ẹni tó ti sanwó kí ọjà rẹ̀ lè hàn níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ògiri, ilẹ̀kùn àti pátákó oníṣòwò fúnra rẹ̀. Níbi yìí, kò sí olóṣèlú tó lè lẹ nǹkan kan mọ́ ọn láìgba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ta ló ni ín? Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló jẹ́ ayálégbé. Òfin ayálégbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011, èyí tó kan agbègbè bíi Sùúrùlérè, fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti lo ibi tó sanwó fún ní ìrọ̀rùn láìsí ìyọlẹ́nu. Òfin yẹn kan náà ló tún sọ pé ayálégbé kò gbọ́dọ̀ yí ilé padà tàbí fi nǹkan kún un láìjẹ́ pé onílé fọwọ́ sí i nínú ìwé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba owó kí wọ́n kan irin mọ́ ògiri tàbí kí wọ́n so aṣọ ìpolongo láti òkè ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá onílé sọ̀rọ̀. Ògiri inú ṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ tirẹ̀ títí owó ilé á fi tán, ṣùgbọ́n ògiri ìta lè jẹ́ ti onílé tàbí ti gbogbo ayálégbé pọ̀.

TA LÓ Ń FÚNNI LÁYÈ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dà rú nìyí. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka àkóso pátákó ìpolówó ìta gbangba mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin kan tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1998, tó pín owó orí àti owó ìwé àṣẹ láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀, náà ka owó ìwé àṣẹ pátákó mọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2006, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó dá àjọ LASAA sílẹ̀, ó sì fi ìwé àṣẹ àti àbójútó pátákó jákèjádò ìpínlẹ̀ náà sábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, LASAA lẹni tí oníṣòwò Èkó ń rí bí ọ̀rọ̀ bá di ti pátákó.

Àjọ náà pín pátákó sí ọ̀nà méjì pàtàkì. Ọ̀kan ni èyí tí oníṣòwò fi ń sọ orúkọ àti iṣẹ́ ara rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń fi polówó ẹlòmíràn, tí wọ́n ń gba owó lé lórí. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ìwé àṣẹ tí aránṣọ gbà láti kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fún un láṣẹ láti fi àwòrán olùdíje síbẹ̀. Ní kété tí ó bá ti gba owó kí ẹlòmíràn lè polongo lára ògiri rẹ̀, ó ti kúrò ní oníṣòwò tó ń sọ orúkọ ara rẹ̀, ó ti di ẹni tó ń yá àyè ìpolówó. Ọ̀nà mìíràn ni, owó rẹ̀ náà sì yàtọ̀.

Ní ti àwọn tó ń wá gbowó, ọgbọ́n kan ṣoṣo ló wà: kí oníṣòwò má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lójú títì. Kó béèrè ìwé tí ìjọba fi ń béèrè owó, kó wo orúkọ àjọ tó wà lórí rẹ̀, iye owó, ọdún tí owó náà wà fún, àti àkáǹtì ìjọba tí wọ́n ní kó san án sí. Kó sanwó ní báńkì, kó sì tọ́jú rìsíìtì. Bí ẹlòmíràn bá tún dé láti ọ́fíìsì mìíràn fún pátákó kan náà, kó fi rìsíìtì àkọ́kọ́ hàn án, kó sì ní kó kọ ohun tó ń béèrè sínú ìwé. Ẹni tó bá ní àṣẹ lóòótọ́ kì í sá fún ìwé kíkọ.

ỌJỌ́ WO LÓ BẸ̀RẸ̀, ỌJỌ́ WO LÓ PARÍ?

Ìpolongo kì í ṣe ohun tí olóṣèlú lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Nínú òfin ètò ìdìbò tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí lọ́jọ́ 25, oṣù kejì, ọdún 2022, èyí tí wọ́n fi ṣe ìdìbò 2023, àádọ́jọ ọjọ́ (150) ṣáájú ìdìbò ni ìpolongo ìta gbangba ń bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ parí nígbà tó bá ku wákàtí mẹ́rìnlélógún. Lábẹ́ òfin tó wà ṣáájú rẹ̀, ti ọdún 2010, àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìpolongo ipò ààrẹ àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, 2022, tí ti gómìnà àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 12, oṣù kẹwàá, ọdún náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún oníṣòwò ni pé ògiri rẹ̀ lè wà lábẹ́ pósítà fún bíi oṣù márùn-ún gbáko.

Òfin lè yí padà láti ìdìbò kan sí òmíràn, nítorí náà ètò ọjọ́ tí àjọ INEC bá gbé jáde fún ìdìbò tó ń bọ̀ ni kí èèyàn tẹ̀ lé. Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ náà tún wà lọ́tọ̀. Àjọ LASIEC ti ìpínlẹ̀ Èkó ló ń ṣe ìyẹn, ọjọ́ 12, oṣù keje, 2025 sì ni wọ́n ṣe ọ̀kan níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́rin ni wàhálà pósítà ń wá kò tíì ka ti alága àti káńsílọ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ ìdìbò gan-an ló léwu jù. Òfin 2022 yẹn kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ṣe àfihàn àmì, àwòrán tàbí ìkéde tó jẹ mọ́ ìdìbò náà níbi tí kò tó 300 mítà sí ibùdó ìdìbò. Owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún ẹni tó bá rú u. Ní àdúgbò tí ilé ti fún pọ̀ bíi Ojú Ẹlẹ́gbà, àwọn ibùdó ìdìbò kì í jìnnà síra wọn, òmíràn sì máa ń wà lójú títì níwájú ilé. Oníṣòwò tó gbọ́n á mọ ibùdó tó súnmọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣáájú. Bó bá wà láàárín 300 mítà, á ti rí i dájú pé wọ́n ká aṣọ ìpolongo kúrò lára ògiri rẹ̀ kó tó di alẹ́ tó ṣáájú ìdìbò. Fìlà, ṣẹ́ẹ̀tì àti ife tí wọ́n fi àwòrán olùdíje sí, tí àwọn ọlọ́jà ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, náà kò yẹ kó jáde lọ́jọ́ yẹn.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ PÓSÍTÀ NÁÀ Ń KỌ́?

Kì í ṣe ibi tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ nìkan ni òfin ń wò. Òfin ìdìbò 2022 kọ èébú àti ọ̀rọ̀ tó lè dá ìjà ẹ̀yà tàbí ti ẹ̀sìn sílẹ̀ nínú ìpolongo. Ó tún sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ lo ilé ìjọsìn, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì ìjọba fún ìpolongo. Oníṣòwò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ rántí èyí kó tó gba owó ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, àjọ ARCON tún wà, èyí tí òfin ọdún 2022 gbé dìde láti rọ́pò àjọ APCON àtijọ́. Òun ló ń mójú tó iṣẹ́ ìpolówó ní gbogbo Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ti olóṣèlú náà sì wà lára ohun tó ń béèrè fún. Èyí túmọ̀ sí pé ìwé méjì ló yẹ kí oníṣòwò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé aṣọ ìpolongo wá: ìwé tó fọwọ́ sí ohun tí wọ́n kọ, àti ìwé tó fọwọ́ sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e kọ́.

BÍ OLÓṢÈLÚ BÁ FẸ́ SANWÓ

Kò sí ohun tó burú nínú kí oníṣòwò fi ògiri tó jẹ́ tirẹ̀ pa owó lọ́nà tó bófin mu. Ohun tó burú ni kó wo owó tó ń wọlé kó má wo èyí tó máa jáde.

Kí iye owó wọ̀nyí jẹ́ àpẹẹrẹ lásán. Bí olóṣèlú bá fún aránṣọ ní 30,000 náírà fún oṣù mẹ́ta, inú rẹ̀ lè dùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdìbò, bí ìṣó bá ti lu ògiri, tí lẹ́ẹ̀ sì ti ba ọ̀dà jẹ́, ó lè ná 18,000 láti tún un kùn. Bí wọ́n bá fọ́ iná orí pátákó rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gun àkàbà, 8,000 lè tún lọ níbẹ̀. Èrè rẹ̀ ti di 4,000 náírà fún oṣù mẹ́ta, kò sì tíì ka ìwé àṣẹ, kò tíì ka oníbàárà tó yà sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn nítorí pé kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ yẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nítorí náà, ìwé àdéhùn ṣe pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo. Ó yẹ kí nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀:

1. Orúkọ ẹni tó gba àyè náà àti ti ẹni tó ń ṣojú fún. “Ọmọ ẹgbẹ́ ni mí” kò tó. Kí ẹni tó ní àṣẹ láti ọ́fíìsì ìpolongo fọwọ́ sí i.

2. Bí nǹkan náà ṣe tóbi tó, ibi tí wọ́n máa so ó mọ́, àti pé kò ní bo pátákó ṣọ́ọ̀bù, fèrèsé tàbí ọ̀nà àbájáde bí iná bá ṣẹ́ yọ.

3. Ọjọ́ tó máa gòkè àti ọjọ́ tó máa sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú àlàyé pé bí wọ́n bá sún ìdìbò síwájú, owó tuntun ni wọ́n máa san.

4. Ẹni tó máa gba ìwé àṣẹ, tó sì máa sanwó rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ polongo ló yẹ kó ṣe é, kó sì fún oníṣòwò ní ẹ̀dà rẹ̀ kí wọ́n tó gun àkàbà.

5. Owó àtúnṣe tí wọ́n máa fi sílẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọn yóò gbà padà bí wọ́n bá kó ẹrù wọn tí wọ́n sì kun ògiri bí wọ́n ṣe bá a.

6. Ìfọwọ́sí onílé, bí oníṣòwò bá jẹ́ ayálégbé.

Kí rìsíìtì wà fún gbogbo owó. Nígbà ìdìbò 2023, òfin 2022 fi òpin sí iye tí olùdíje lè ná: bílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ẹni tó ń dupò ààrẹ, bílíọ̀nù kan fún gómìnà, àádọ́ta mílíọ̀nù sì ni èyí tó pọ̀ jù tí ẹnì kan lè fi ta olùdíje lọ́rẹ. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìṣirò ìnáwó rẹ̀ dáadáa kò ní bínú sí rìsíìtì.

BÍ WỌ́N BÁ LẸ̀ Ẹ́ LÁÌGBÀYÈ

Oníṣòwò tó bá bá pósítà lára pátákó rẹ̀ láàárọ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Kó kọ́kọ́ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí ọjọ́ àti àkókò sì hàn. Kó wo ìsàlẹ̀ pósítà bóyá orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà ní wọ́ọ̀dù, kó mú ẹnì kan dání láti inú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àdúgbò, kó ní kí wọ́n wá ṣí i kúrò. Ọ̀pọ̀ olùdíje kò mọ ibi tí àwọn ọmọ tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kò sì wù wọ́n kí ẹni tó máa dìbò máa bínú sí wọn.

Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, kó kọ̀wé sí LASAA ní Ìkẹjà, kó fi àwòrán náà sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ba nǹkan jẹ́ tàbí tí wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn. Ohun tí kò bọ́gbọ́n mu ni kí òun fúnra rẹ̀ máa ya pósítà ẹgbẹ́ kan lóru nígbà tí ti ẹgbẹ́ kejì wà níbẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án. Bó bá fẹ́ kí ògiri òun mọ́, kí ó mọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́. Ìwé kékeré tí wọ́n kọ “Ẹ má ṣe lẹ ìwé mọ́ ògiri yìí” sí, tó wà níbẹ̀ kí ìpolongo tó bẹ̀rẹ̀, máa ń jẹ́ ẹ̀rí pé kò gba ẹnikẹ́ni láyè.

Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba yìí kan ìjọba pẹ̀lú. Òfin 2022 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ lo ohun èlò ìjọba láti gbe ẹgbẹ́ kan tàbí láti fìyà jẹ òmíràn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá ká pósítà kúrò, gbogbo pósítà tó rú òfin ló yẹ kí wọ́n ká.

ÀWỌN ATẸ̀WÉ ÀTI ÀWỌN TÓ Ń KỌ PÁTÁKÓ

Àsìkò ìbò jẹ́ àsìkò ìkórè fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú àti Múṣin, àwọn tó ń kọ pátákó àti àwọn tó ń rán aṣọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gbèsè tí kò ṣeé gbà níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 7, oṣù kejì, 2015, INEC kéde pé ìdìbò ààrẹ tó yẹ kó wáyé lọ́jọ́ 14 oṣù náà ti di ọjọ́ 28, oṣù kẹta. Lọ́dún 2019, ọjọ́ ìdìbò gan-an, ọjọ́ 16, oṣù kejì, ni wọ́n sún un sí ọjọ́ 23. Lọ́dún 2023, wọ́n sún ti gómìnà láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18, oṣù kẹta. Pósítà tí wọ́n ti tẹ ọjọ́ ìdìbò sí, tí oníbàárà kò tíì san owó rẹ̀ tán, di ìwé tí wọ́n ń fi wé ẹ̀pà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí atẹ̀wé gba owó àsansílẹ̀ tó máa ká owó bébà, íǹkì àti iná, kó sì gba ìyókù kí ẹrù tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kó gba ìwé iṣẹ́ tí oníbàárà fọwọ́ sí, tó sọ iye pósítà àti ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Kó má tẹ èébú, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Bó bá sì ṣeé ṣe, kó gba oníbàárà nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fi ọjọ́ ìdìbò sí pósítà.

BÓ ṢE RÍ NÍBÒMÍRÀN

Wàhálà yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ní ìpínlẹ̀ Anambra, lọ́dún 2022, àjọ tó ń mójú tó pátákó níbẹ̀ bu owó lé àwọn olùdíje gẹ́gẹ́ bí ipò tí wọ́n ń dù, ọ̀rọ̀ náà sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní England, òfin ìpolówó ìta tí wọ́n ṣe lọ́dún 2007 kò béèrè ìwé àṣẹ fún pósítà ìbò, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ká a kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìdìbò. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ lọ́dún 1994 pé ìlú Ladue kò lè ní kí obìnrin kan má fi àkọlé èrò ọkàn rẹ̀ sí fèrèsé ilé ara rẹ̀. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ náà tún sọ nínú ẹjọ́ ìlú Gilbert pé ìlú kò lè fi òfin de àkọlé kan ju òmíràn lọ nítorí ohun tí wọ́n kọ sí i.

Ohun tí oníṣòwò lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò sí ibi kankan tí olóṣèlú ti ní ẹ̀tọ́ láti fi tipátipá gba ògiri ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣòwò tó bá fẹ́ fi ọkàn rẹ̀ ti olùdíje kan lẹ́yìn ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ni kó jẹ́ pé òun ló yàn án, kì í ṣe àwọn tó wá lóru. Èyí tí ìlú England ṣe nípa ọjọ́ mẹ́rìnlá náà dára láti yá lò nínú ìwé àdéhùn, kódà bí òfin kò bá sọ ọ́.

LẸ́YÌN ÌBÒ

Lẹ́yìn ìdìbò, ẹni tó wọlé á lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ẹni tó fìdí rẹmi á gba ilé lọ. Òjò á máa pa ìwé tó ya sílẹ̀ lára òpó, omi á gbé e lọ dí gọ́tà, èyí tí gbogbo ará Sùúrùlérè mọ ohun tó ń dá sílẹ̀ lójú òjò. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kò ní lọ síbì kankan. Oníbàárà tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ tó wọlé àti èyí tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi, àwọn méjèèjì ló ṣì máa gbé aṣọ wá rán.

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé bó pẹ́ bó yá, ọdún eégún á tán, ọmọ alágbàáà á wá àkàrà jẹ ẹ̀kọ. Oníṣòwò tó ti mọ ẹni tó ni ògiri, tó ti béèrè ìwé àṣẹ, tó ti kọ ọjọ́ tí wọ́n máa ká a kúrò sílẹ̀, tó sì gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ kí wọ́n tó gun àkàbà, pátákó rẹ̀ á ṣì máa hàn ketekete láti ibùdókọ̀ nígbà tí ọdún ìbò bá parí.